Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́jọ

Jórinjórin ni mí, ọmọ Ìjàn.
Èmi ni mo jó ọgbà irin tó yí pápá ọkọ̀ òfuurufú wa ká,
láti ẹnu ibodè títí dé ìdí àpáta Olókìtì,
níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra yọ̀ bí aṣọ tó fẹ́ bọ́ lára.
Òfin ní kí ọgbà ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ láti ilẹ̀.
Ilẹ̀ wo? Òfin ò sọ.
Ní Èkìtì níbí, bí ẹ bá ti dárúkọ ilẹ̀,
ẹ ṣàlàyé fún wa bóyá tòkè ni tàbí tìsàlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Gàrúbà ló kọ́kọ́ dé, nígbà ọyẹ́.
Inú ọgbà ló dúró sí. Ó na téèpù.
"Mẹ́jọ géérégé." Ó fọwọ́ sí i,
ó mu omi tútù, ó béèrè ọ̀nà Ìkọ̀gòsì, ó lọ.

Lẹ́yìn òjò kẹta ni Ìyáàfin Étúkù dé
tòun ti bàtà róbà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán.
Ìta ló gbà yọ. Ó gun àpáta,
ó na téèpù tirẹ̀ láti orí òkúta:
márùn-ún àti ààbọ̀.
"Ewúrẹ́ kan ò ní ti inú fò wọlé," ó wí.
N ò lè jiyàn.
Wọ́n ti pápá pa fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Mo jó irin kún irin lóru, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́,
títí ojú mi fi ń ta bí ojú ẹni tí wọ́n fi ata pa.

Ọdún yípo. Ọkùnrin kan dé, n ò ní dárúkọ rẹ̀.
Ìwé kan náà ló mú dání, èèpo búlúù, ojú ewé kan náà.
Ó ní irin tí mo fi kún un kì í ṣe ọgbà,
àfikún ni, òfin ò sì mọ àfikún,
kí n gé e.
Mo gé e.
Ẹ má bi mí pé ta ló sanwó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, òbúkọ Bàbá Fálúyì
gun àpáta, ó fò.
Ọkọ̀ ń bọ̀ láti Àbújá, ó ti na ẹsẹ̀,
a ti ń rí táyà rẹ̀.
Òbúkọ dúró sí àárín ọ̀dà, ó ń gbatẹ́gùn.
Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Imú ọkọ̀ yọ sókè.
Ó kọjá lórí wa, ewé tíìkì doríkodò,
ó yí òkè po, ó tún bọ̀, ó balẹ̀.
Awakọ̀ náà, ọmọdé gbáà ni,
ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò sọ̀rọ̀.
Mo bu omi fún un. Ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀,
àbí lọ́wọ́ tèmi ni.

Mo rántí bàbá mi àti kòkó.
Àpò kan náà, láàárọ̀, ayẹ̀kòkówò Ìlawẹ̀ ní oníkìíní ni;
lọ́sàn-án, èkejì rẹ̀ ní ó ti bu, kó gbé e padà sílé.
Nígbà tó dọdún kẹta, bàbá mi kò sá kòkó dáadáa mọ́.
Ó ní ojú ayẹ̀wò ló ń mú kòkó gbẹ,
kì í ṣe oòrùn.
Ohun tí mò ń bẹ̀rù fún ọwọ́ tèmi nìyẹn.

N ò ní kí òfin rọ̀. Kó le.
Ṣùgbọ́n bó bá le lọ́jọ́ Ajé,
kó le bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́jọ́bọ̀.
Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ jókòó pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
kí ẹ fẹnu kò lórí ohun tí ilẹ̀ jẹ́.

Láàárọ̀ yìí mo mú ṣọ́ọ̀kì,
mo fa ilà sídìí òpó kejìlélógójì, lójú ìta, lórí àpáta,
mo kọ ọ́ síbẹ̀: Ibi tí ewúrẹ́ ń dúró sí nìyí.
Òjò ti ṣú lápá Ìkéré.
Ayẹ̀wò tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.